Ọmọ ọ̀sà dé òkun: bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ìgbì ti ń hó

Ní erékùṣù kékeré tí wọ́n ti bí mi, lójú ọ̀sà Lẹ́kí níbi tí Ìwopin ò jìnnà sí, ọmọ tí ò bá tíì mọ omi wẹ̀, wọn ò níí rán an níṣẹ́ kọjá ẹnu ilé. Ibo ni wọ́n fẹ́ rán an? Ilé ìwé wà lódìkejì omi, ilé ìyá oníyọ̀ wà lódìkejì omi, kódà ẹni tí ìyá mi ń bá jà, òdìkejì omi ló wà, ńṣe ló máa ń wa ọkọ̀ lọ bá a jà. Torí ẹ̀ ni mo fi ń lúwẹ̀ẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́fà, mo wá rò pé kò sí omi tó lè dẹ́rù bà mí mọ́ láyé yìí, àfìgbà tí mo dé etí òkun lọ́mọ ọdún 19. Màá sọ ohun tójú mi rí. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé mo ń rí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Ṣàgámù, tí wọ́n máa háyà bọ́ọ̀sì lásìkò ọdún, wọ́n á dé bíṣì, wọ́n á bọ́ aṣọ, wọ́n á rọ́ wọ omi gìrìgìrì bíi màlúù tó rí koríko. Ẹ rọra o. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ò fi ṣàwàdà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn sórí omi

Ẹ wá omi tó dákẹ́. Ẹni tó wà l'Ìjẹ̀bú-Òde lè lọ sí odò Yemọji tí wọ́n fi ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹlòmíì á lọ sí súwímín púùlù ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwa tá a wà létí ọ̀sà, iwájú ilé náà ni. Kí omi má kọjá ìbàdí. Ẹ ní kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ fi ọwọ́ gbé yín lẹ́yìn lábẹ́ omi, ẹ wá fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni fẹ́ sùn sórí ẹní, ẹ jẹ́ kí orí lọ sẹ́yìn títí omi á fi wọ etí yín, ẹ wo ojú ọ̀run, ẹ fa èémí kún àyà. Ibi etí yìí ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Tómi bá ti kan etí báyìí, wọ́n á sáré gbé orí sókè, tórí bá sì ti gòkè, ìdí á rì, ara á ká bí ẹja yíyan, omi á wọ imú, wọ́n á ní àwọn ò ṣe mọ́.

Àwa ò ní tíṣà kankan o. Ìyá àgbà ló kọ́ wa. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún tí ìdérí ẹ̀ ṣì le dáadáa ló máa kó fún wa, ká gbá a mọ́ àyà, ká máa fẹsẹ̀ ta omi yí ọkọ̀ po, òun á jókòó sínú ọkọ̀ náà á máa ṣa edé. Tẹ́nikẹ́ni bá ta omi sí edé, yóò fi àjẹ̀ kàn án lórí. Tó bá di bí ọjọ́ kẹrin ọjọ́ karùn-ún, á kàn gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ ẹ láìsọ nǹkan kan, ìwọ náà á sì rí i pé o ò rì.

Ohun kejì tó ń tètè rẹ èèyàn ni pé wọ́n máa ń sé èémí. Ẹ má sé e. Tójú bá wà nínú omi, ẹ máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ kó máa hó, tẹ́ ẹ bá wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fa tuntun. Kẹ́ ẹ tó ronú òkun rárá, ẹ gbọ́dọ̀ lè sùn sórí omi fún ìṣẹ́jú 5 láìfẹsẹ̀kanlẹ̀, kẹ́ ẹ sì lè lúwẹ̀ẹ́ bíi mítà 200 láìdúró. Ẹni tí ò bá lè ṣe é, kó jókòó sórí iyanrìn kó máa jẹ àgbọn, kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Òkun ní iyọ̀ ṣá, nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, ọ̀sà tiwa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ níyọ̀ rárá, òun ló jẹ́ kára máa fúyẹ́ lójú òkun ju tilé lọ, ó máa dà bíi pé ẹ ti di ọ̀gá lójijì. Irọ́ ni, iyọ̀ ló ń gbé yín.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí ará ibẹ̀

Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ lè gba Ìbíadé àti Àbígí wọ ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Wọ́tásáìdì, ibẹ̀ ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti kan òkun ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbi tí títì bá parí sí, ọkọ̀ ojú omi ló kù. Ẹ wọ láìfújákẹ́ẹ̀tì yín sọ́rùn, mo ń rí àwọn tó ń fi í ṣe tìmùtìmù jókòó. Lásìkò òjò, gbéborùn, koríko omi tó ń léfòó kiri yẹn, máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á tẹ̀ba sójú omi láti já a kúrò, ẹ má bú u, kì í ṣe òun ló gbìn ín.

Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ dé láàárọ̀. Àárọ̀ làwọn apẹja ń gúnlẹ̀, àwọn obìnrin á ti tò sétí omi pẹ̀lú bàsíà, ọmọ á wà lẹ́yìn wọn, ẹnu á wà lára ẹni tó jẹ wọ́n lówó ẹja ìjẹta. Tí ọkọ̀ bá ti gun iyanrìn, gbogbo ọkùnrin tó wà nítòsí ló máa fèjìká tì í, ọ̀kan á máa dá orin, àwọn yòókù á máa gbè, ọkọ̀ á máa wọ́ gòkè ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ bá wọn tì í. Lójú tèmi, kò sí láìfúgáàdì tó ju ìyẹn lọ, torí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bá wọn tì í tán lẹ máa wá ní ẹnu láti sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ojú omi ńkọ́ lónìí?" Wọ́n á sì sọ fún yín bó ṣe rí gan-an, ibi tí iyanrìn ti ṣí, ibi tí àwọ̀n wà, ibi tí èèyàn ò gbọdọ̀ wọ̀. Ibòmíì wà tí wọ́n ní ọjọ́ tí wọn kì í wọ òkun rárá. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀.

Ẹ ka òkun kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́

Ẹ jókòó wò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé ara ń yún yín, ẹ ṣì jókòó. Omi òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọjọ́ kan, tó bá kún láago mẹ́fà àárọ̀ òní, lọ́la á tó bíi aago mẹ́fà kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú kó tó kún. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá kún bámúbámú ni kíkún àti fífà ẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Láti June sí September, ìgbì tó ń ti ìsàlẹ̀ gúúsù bọ̀ máa ń le gan-an, lásìkò yẹn èmi ò kì í kọjá orúnkún. Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣojo, kó béèrè Ayétòrò tó wà ní Ìlàjẹ nítòsí wa. Ọdún 1947 ni wọ́n dá ìlú yẹn sílẹ̀, òkun ti ń jẹ ilé àti ọ̀nà ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń pa àlejò jù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Gbogbo omi tí ìgbì ń kó wá sétí, ó gbọ́dọ̀ padà, á wá wá ihò kan láàrin òkìtì iyanrìn abẹ́ omi, á gba ibẹ̀ sá padà sójú agbami bí àgbàrá ṣe ń wá gọ́tà. Ojú ibẹ̀ á dákẹ́ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, ìgbì ò níí fọ́ níbẹ̀, àwọ̀ omi á dúdú díẹ̀, nígbà míì ẹ á rí ìfófòó tó ń lọ sí ọ̀nà òkun dípò kó máa bọ̀. Àlejò á wá rí i, á ní "ẹ wò ó, ibí yìí ló dákẹ́," ibẹ̀ gan-an ló máa wọ̀.

Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn.

Mo wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ ọ̀sà, mo ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, mo ń rí i pé ọwọ́ mi yá lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé omi ló ń gbé mi. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àwọn tá a jọ wá ti kéré bí èèrà. Mo yí padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ wá sétí, mo lúwẹ̀ẹ́ títí apá fi kú, igi àgbọn tí mo ń wò ò sún mọ́ mi rárá, ó tiẹ̀ ń sún sẹ́yìn ni. Omi ti wọ ọ̀fun mi. Bàbá apẹja kan, ará Ìlàjẹ, ló ń kó àwọ̀n bọ̀ nítòsí, kò sáré, kò pariwo, ó kàn nahùn pé, "Ọmọ, sùn sílẹ̀! Ṣé o ò mọ̀ ọ́n sùn ni?" Ohùn ìyá àgbà ni mo gbọ́ níbẹ̀. Mo dojú sókè, mo jẹ́ kó gbé mi, mo rọra ń mí. Nígbà tó yá bàbá ní kí n máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n má dojú kọ etíkun rárá. Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi mítà 50, ni mo bá rí i pé kò fà mí mọ́, ìgbì tó ń fọ́ níbẹ̀ ló tì mí wá sórí iyanrìn bí ẹrù.

Omi tó ń fà yẹn kì í fa èèyàn sísàlẹ̀ o, ìta ló ń gbé e lọ, tó bá sì kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, agbára ẹ̀ máa ń dínkù. Tó bá le, ó lè sáré tó mítà 2 láàrin sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹni tó gba góòlù Òlíńpíìkì gan-an ò lè dojú kọ ọ́ kó pẹ́. Nítorí náà, ẹ sùn, ẹ gbé ọwọ́ kan sókè kí wọ́n rí yín, ẹ gba ẹ̀gbẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má forí bẹ́ sómi, omi tó wà ní ọrùn lánàá lè wà ní orúnkún lónìí, ọrùn ló máa ń ṣẹ́. Tí ìgbì ńlá bá ń bọ̀, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ má sì fò ó, ẹ tẹrí gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, òkè ló ti ń jà, abẹ́ dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibi tó ti ń fọ́, ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ bá etíkun lọ, ẹ má lọ sójú agbami. Ẹ yan àmì kan lórí ilẹ̀, igi àgbọn tàbí aṣọ pupa tẹ́ ẹ so mọ́ òpó, lẹ́yìn bí ìjuwọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ yọjú wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ń bọ̀ lójú fèrèsé. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, omi sábà máa ń rọra gbé èèyàn lọ sápá ìlà oòrùn, apá Aráròmí, torí náà ìwọ̀ oòrùn ni mo máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, kí n lè bá omi padà sílé nígbà tó bá ti rẹ̀ mí.

Nǹkan kan wà tó ń léfòó, jẹ́lífíìṣì lòyìnbó ń pè é, ó mọ́ gaara bí ẹ̀kọ tútù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá ta yín, omi òkun ni kẹ́ ẹ fi ṣan ojú ẹ̀, kì í ṣe omi kànga, ẹ fi igi yọ okùn tó lẹ̀ mọ́ ara, ẹ wá fi omi gbígbóná tára gbà dáadáa rẹ ẹ́. Ẹ má fi iyanrìn ra á.

Ẹni tó bá ti mutí, kó má wọ omi. Ìyẹn ò nílò àlàyé.

Tí ẹnì kan bá ń rì

Kò níí pariwo bíi ti fíìmù. Ńṣe ló máa dákẹ́, orí á máa lọ sẹ́yìn, ẹnu á máa wọ omi á tún máa yọ. Ẹ má bẹ́ sí i lọ́wọ́ òfo, á gùn yín lórí, òkú méjì ni wọ́n á wá kó. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì tó ní okùn sí i. Èmi ò kì í lọ sí etí òkun láìsí kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá pẹ̀lú okùn náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń lọ pọn omi. Tẹ́ ẹ bá fà á jáde, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má tẹ ikùn ẹ̀ kí omi lè jáde, àṣà burúkú ni. Tí kò bá mí, ẹ dì í nímú, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ẹ wá tẹ àárín àyà ẹ̀ nígbà ọgbọ̀n kíákíá, ẹ tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́nì kan sì ti lọ wá ọkọ̀ sí ọsibítù.

Tẹ́ ẹ bá jáde láyọ̀, ẹ ṣan iyọ̀ kúrò lára, ẹ mu omi dáadáa, kẹ́ ẹ wá bu gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa sínú abọ́ pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún yíyan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ààrò bọ́. Ẹnu tí iyọ̀ òkun ti gbẹ, mi ò mọ oúnjẹ míì tó bá a mu.

Ọdún kejì tí bàbá yẹn gbà mí sílẹ̀, mo padà lọ, mo ra búrẹ́dì ńlá méjì àti ọtí jíìnì dání, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bàbá, èmi ni ọmọ tẹ́ ẹ ní kó sùn sórí omi. Ó wò mí títí. Kò rántí mi rárá. Ó ní ó dáa, kí n gbé búrẹ́dì sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn kí n wá bá wọn ti ọkọ̀.