Bọ́ọ̀sì tí mo gbé sókè ní ínṣì mẹ́fà, ohun tójú mi rí

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. $14,000 ni ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan dá lé mi láti sọ bọ́ọ̀sì mi di fóò-wíìlì, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa tì í, kí wọ́n sì gbé e sókè ní ínṣì mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Oṣù márùn-ún ló gbà, owó yẹn sì kọjá $19,000.

Ford E-350 ọdún 2002 ni, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lítà 7.3 yẹn. Colorado la wà, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ máa kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sùn lórí òkè. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti Econoline, ìyẹn irú bọ́ọ̀sì yìí, bí Ford ṣe ṣe é, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń tú abẹ́ iwájú ẹ̀ dànù kí wọ́n tó gbé axle Dana 60, irin líle tó máa ń yí táyà iwájú méjèèjì, àti transfer case, àpótí jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì síwájú àti sẹ́yìn, sí i. Bẹ́ẹ̀dì, sólà, síńkì, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe gbogbo ìyẹn, ó sì dáa gan-an, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e jáde. Tó bá ti fẹ́ dé 50 máìlì ní wákàtí, ilẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, tó bá fi máa di 60, ìgò omi á jó kúrò níbi tí mo gbé e sí, ìyàwó mi á di ilẹ̀kùn mú, "Daddy Tóbi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra!" Mo dá a padà. Wọ́n ní táyà ni, wọ́n báláǹsì ẹ̀, mo sanwó. Ó ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n ní aláìmẹ́ǹtì ni, mo tún sanwó. Ìgbà kẹta ni wọ́n wá ní bí ọkọ̀ tó ga ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kó mọ́ mi lára. Irọ́ ni!

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan níbòmíì ni ò lò ju ogún ìṣẹ́jú tó fi rí i. Ó wọ abẹ́ ẹ̀, ó ní kí n wá fojú ara mi wo pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí axle ẹ̀yìn. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ ga, wọn ò ṣe nǹkan kan sí i, ó wá dagun wálẹ̀ gan-an, bó ṣe tẹ̀ lápá iwájú ò bá tẹ̀yìn dọ́gba mọ́, bó bá ti ń yí ló ń jà. Ó tú cross joint, oríkèé tó jẹ́ kí pùròpẹ́là lè máa tẹ̀ bó ṣe ń yí, tí ò tíì ju oṣù kan lọ o, gíríìsì inú ẹ̀ ti gbẹ, ó ti di lẹ́búlẹ́bú pupa bí ìpẹtà. Pùròpẹ́là tuntun tó ní joint méjì lókè ló fi sí i, ó ki irin sábẹ́ sìpíríǹgì ẹ̀yìn kí axle lè dojú kọ ọ́. Mo wà á dé Moab ní Utah, ìgò omi ò mira.

Moab yẹn ni mo ti wá rí i pé ínṣì mẹ́fà ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ táyà tí mo jò wálẹ̀ sí 25 psi àti jíà kékeré inú transfer case ló gbé wa jáde nínú iyanrìn, gíga ọkọ̀ kọ́, gíga ò fún mi ju kí afẹ́fẹ́ máa tì mí kiri lórí títì márosẹ̀ I-70. Ínṣì mẹ́rin ì bá tó mi.

Tẹ́ ẹ bá ṣì máa ṣe é, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ pùròpẹ́là àti jíà inú axle mọ́ iye tí wọ́n bá pè. Táyà ínṣì 35 tí wọ́n fi sí tèmi, ọkọ̀ ò lè gun òkè mọ́ àfìgbà tí mo pààrọ̀ jíà sí 4.56, ìyẹn ni pé pùròpẹ́là á yí ìgbà 4.56 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn, speedometer náà á ní 60, ẹ ti ń sáré bíi 69. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi kí n tó sanwó.