Atalẹ̀ fún inú tó ń wú

Lẹ́yìn ẹ̀wà alẹ́ ni inú tèmi máa ń wú, tí gbogbo ìfun á sì máa gbóná. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, ọjà Wàndó ni mo ti ń ra atalẹ̀ tútù, atalẹ̀ pupa (curcuma) àti ìyèré. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ kalẹ̀, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn.

Ẹ bó atalẹ̀ tó gùn tó oríkèé ìka kan, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi ife 2 fún ìṣẹ́jú 10. Lọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí ẹ mu ún. Ó máa ń jẹ́ kí oúnjẹ tètè kúrò níkùn, èébì tó ń gbéni á sì rọlẹ̀.

Atalẹ̀ pupa ní tirẹ̀ kì í yòrò nínú omi lásán, òróró ló fẹ́. Inú ọbẹ̀ ni mo ń bù ú sí, ìdajì ṣíbí kékeré, pẹ̀lú ìyèré díẹ̀ tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìyèré kúrò.

Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí òkúta wà nínú àpò òróòro yín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má wulẹ̀ se nǹkan kan: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.