Bí Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ Ṣe Lè Tọ́jú Kọ́níà Ojú Rẹ̀

Tí wọ́n bá ti dárúkọ àtọ̀gbẹ mọ́ ojú, ẹ̀yìn ojú ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ. Iwájú ojú náà ń jìyà níbẹ̀. Kọ́níà ni awọ tó mọ́ gaara bíi dígí tó bo dúdú ojú. Nínípọn rẹ̀ láàárín fi díẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára kún ibẹ̀ débi pé ẹyọ iyanrìn kan tó láti dá àgbàlagbà jókòó. Àwọn fọ́nrán yìí gan-an ni ṣúgà tó ga fún ọdún pípẹ́ máa ń bà jẹ́. Bí ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára mọ́ ṣe ń tẹ ìṣó láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́níà ṣe lè bó tí kò ní dun olójú. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de ìrora.

Ẹ yẹ ojú wò láràárọ̀. Ẹ dúró síwájú dígí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì ka ohun kan náà tí ẹ ń kà lójoojúmọ́, kàlẹ́ńdà ara ògiri dára fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ojú. Ṣé etí dúdú ojú pọ́n? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń ni yín lára, tàbí ìpín ń ṣe ojú? Ṣé àmì funfun kan wà lórí dúdú ojú? Àmì funfun yìí ló léwu jù: ó lè jẹ́ egbò tí kòkòrò àrùn ti wọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ rí dókítà ojú, bí kò tilẹ̀ dùn yín rárá.

Tí ìríran bá ṣú lónìí tó tún mọ́ lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wọn ṣúgà. Lẹ́ǹsì inú ojú máa ń wú tí ṣúgà bá ń lọ sókè sódò. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà dúró sójú kan fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó ṣe awò tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ti wọgbó.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú gbẹ. Kọ́níà tí kò mọ nǹkan lára kì í pe omijé, kì í sì rán ìpéǹpéjú létí pé kó ṣẹ́jú. Omijé àtọwọ́dá ló ń gba iṣẹ́ náà ṣe. Tí ẹ bá máa kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, ẹ béèrè èyí tí kò ní kẹ́míkà adènà-ìbàjẹ́ nínú, torí kẹ́míkà ọ̀hún a máa jẹ awọ ojú. Bí a ṣe ń kán an rèé:

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ.
2. Ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kó dà bí àpò.
3. Ẹ̀kán kan tó. Ìkejì á kàn ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ẹnu ìgò kò gbọ́dọ̀ kan irun ìpéǹpéjú.
4. Ẹ pa ojú dé jẹ́jẹ́, ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì.
5. Tí oògùn mìíràn bá wà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó bá jẹ́ ìpara ló ń kẹ́yìn.

Tí ojú bá ha. Àwọn ìdè kéékèèké ló so awọ òkè kọ́níà mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń mú kí ìdè náà dẹ̀, kí awọ sì tètè ṣí, nígbà mìíràn láàárọ̀ nígbà tí ìpéǹpéjú bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ìhá kékeré tó ń jinná láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lójú ẹlòmíràn lè pẹ́ gan-an níbí, tàbí kó tún ṣí. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra ojú. Tí kẹ́míkà bá ta sí i, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án lójú ẹsẹ̀ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín kán oògùn tó ní sítẹ́rọ́ìdì: ó ń dẹ agbára tí ojú fi ń bá kòkòrò àrùn jà. Oògùn kíkán tó ń mú kí ojú má mọ ìrora burú ju ìyẹn lọ, torí kò ní jẹ́ kí egbò pa ẹnu dé. Ẹni tó bá ń lo lẹ́ǹsì tí wọ́n ń fi lé ẹyinjú kò gbọ́dọ̀ fi sùn, kò sì gbọ́dọ̀ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Awò lásán ló dára jù, lójú tiwa.

Lọ́dọ̀ dókítà. Ní àyẹ̀wò ọdọọdún, ẹ ní kí wọ́n wo iwájú ojú náà. Wọ́n á kán àwọ̀ kan tó máa ń tàn bí ewéko lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù níbi tí awọ bá ti bó. Wọ́n tún lè fi ṣóńṣó òwú kan kọ́níà díẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó ṣì mọ nǹkan lára. Kí wọ́n tó kán oògùn tó ń mú kí ojú má mọ ìrora ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe èyí. Ẹ sọ iye ọdún tí àtọ̀gbẹ ti wà lára yín àti HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù bíi mẹ́ta hàn) tí ẹ ṣe kẹ́yìn. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti ń kú, ẹ sọ ìyẹn náà, bí wọn ò tilẹ̀ béèrè: iṣan ẹsẹ̀ àti iṣan kọ́níà sábà máa ń bàjẹ́ pọ̀ ni.