Bí Mo Ṣe To Iṣẹ́ Spencer Williams Lẹ́sẹẹsẹ

Nígbà tí àwa tí a jọ máa ń wo sinimá àtijọ́ ní kí n kọ nípa Spencer Williams, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ òṣèré, òǹkọ̀wé àti olùdarí fíìmù, Andy nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi mọ̀ ọ́n, ìyẹn ipa tó kó nínú Amos 'n' Andy lórí tẹlifíṣàn láàárín ọdún 1951 sí 1953, eré tí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ níbẹ̀, takò pé ó ń tàbùkù àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. N kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ni mo tọ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Spencer Williams kejì, olórin tó kọ Basin Street Blues. Ìlú Vidalia ní ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n ti bí tèmi lọ́dún 1893. Ní 1929, nígbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn, ó wà lọ́dọ̀ Al Christie tó ń ṣe fíìmù jáde, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn òṣèré adúláwọ̀ nínú àwọn eré apanilẹ́rìn-ín kéékèèké, òun náà sì ń ṣeré níbẹ̀. Àwọn fíìmù kọ́bọ́ì tí Herb Jeffries ṣe akọni wọn, tí Williams náà ṣeré nínú wọn, kò gbà ju ìlà díẹ̀ lọ lọ́wọ́ mi, àyàfi Harlem Rides the Range ti 1939 tí òun àti Flournoy Miller jọ kọ.

Son of Ingagi ti 1940 ni mo tún wò dáadáa. Òun ló kọ ọ́, ipa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló sì fún ara rẹ̀, ọkùnrin tó fẹ́ràn oúnjẹ tí ẹ̀dá abàmì sì ń jí oúnjẹ rẹ̀ jẹ. (Òǹkọ̀wé tó lè fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà báyìí kò wọ́pọ̀.)

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Alfred Sack, oníṣòwò fíìmù, fún un lówó tí kò ju nǹkan bí 5,000 dọ́là lọ, ó sì fi ṣe The Blood of Jesus ní Texas: ó kọ ọ́, ó darí rẹ̀, ó tún ṣe ọkọ tí ìbọn rẹ̀ ṣèèṣì ba ìyàwó rẹ̀, tí ẹ̀mí obìnrin náà fi ń rìn láàárín ọ̀run àti àpáàdì. Owó yẹn kò tó kọ́ ọ̀run, nítorí náà àwòrán inú fíìmù Ítálì ti 1911 kan ni ó yá fún un. Lábẹ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni mo kọ ọgbọ́n yìí sí, kì í ṣe lábẹ́ ti olùdarí, torí pé ìtàn náà ni ó fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán àyálò láti wọlé.