Ẹ má tíì ra ẹ̀wù irin fún ìkookò yẹn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ìhámọ́ra ẹranko nínú D&D àti Pathfinder

D&D àti Pathfinder, eré àfinúrò orí tábìlì ni wọ́n, kálukú á mú akọni kan, dáìsì ló sì máa ń sọ bóyá ohun tó ṣe yọrí. Druid (onídán inú igbó) àkọ́kọ́ tí mo fi ta D&D, a tú ìkookò kan sílẹ̀ nínú pàkúté, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi kiri. Owó tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀wù awọ ni mo fi rà fún un, 40 góòlù, inú mi ń dùn ṣìnkìn pé AC (nọ́ńbà tí dáìsì ọ̀tá gbọ́dọ̀ bá kó tó lè ṣe é léṣe) 13 tó ní á di 15 báyìí. DM wa, ẹni tó ń darí eré náà, wò mí títí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣírò." Mo tún un ṣírò. 13 náà ni.

Àṣìṣe yẹn ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀, mo ṣì ń rí àwọn tó ń ṣe é títí dòní. Nínú D&D ẹ̀dà karùn-ún tó jáde ní 2014, ẹ̀wù tẹ́ ẹ bá wọ̀ fún ẹranko kì í ro ara ẹ̀ mọ́ AC tó ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa lé ìyẹn kúrò táá sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀wù awọ jẹ́ 11, Dex (ìyára) ìkookò jẹ́ 15 tó ń fún un ní +2, ẹ ro wọ́n pọ̀, 13, iye tí awọ ara ẹ̀ ti ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sí studded leather (ẹ̀wù awọ oníṣó), á di 14, ṣùgbọ́n 180 góòlù nìyẹn o, torí AC ẹyọ kan péré! Ẹni tó ń lo ranger Beast Master (ọdẹ tó ní ẹranko alábàárìn) ti 2014 ní tiẹ̀ máa ń ro proficiency bonus (àfikún tí ìmọ̀ṣẹ́ ń fúnni) ẹ̀ mọ́ AC ẹranko, ìyẹn ò kan ẹ̀wù, á wà níbẹ̀ yálà ẹ rà á tàbí ẹ ò rà á.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ yẹn ti ń wá ni pé ọ̀pọ̀ wa la kọ́kọ́ ta D&D 3.5 tàbí Pathfinder àkọ́kọ́, ti 2009, níbẹ̀ sì rèé, natural armor (ààbò tí awọ ara fúnra ẹ̀ ń fúnni) àti ẹ̀wù máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìkookò tó ní +2 lára tó tún wọ ẹ̀wù awọ +2, mẹ́rin ló ní, kò sí àríyànjiyàn. Èèyàn á wá gbé ìṣirò yẹn wá sórí tábìlì míì, á máa bá DM jà. Ẹ bèèrè irú ẹ̀dà tẹ́ ẹ ń ta kẹ́ ẹ tó ṣí àpò owó. Pathfinder kejì, ti 2019, tún ní tiẹ̀: ẹ ò lè fín rune (àmì idán) sára barding (ẹ̀wù ẹranko), bí góòlù yín ṣe wù kó pọ̀ tó, kẹ́ ẹ máà lọ máa tọ́jú owó rune pa mọ́ de ajá yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó àti ìwúwo. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, ẹ̀wù ẹranko jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin owó tèèyàn, ìlọ́po méjì ìwúwo ẹ̀. Chain mail (ẹ̀wù ṣéènì) tó jẹ́ 75 góòlù fún ẹ̀yin, 300 ni fún ajá mastiff, ajá tí wọ́n ń ta fúnra ẹ̀ ní 25 góòlù! Ẹ̀wù yẹn á wúwo tó 110 páùn, gbogbo ohun tí mastiff sì lè rù ò ju 195 lọ. Halfling (ẹ̀yà èèyàn kúkurú) tó fẹ́ gùn ún á gba nǹkan bí 40, ó ku 45 fún ẹ̀wù tòun fúnra ẹ̀, ohun ìjà, oúnjẹ, okùn, àtìbùsùn. Mo ti rí halfling tó di gbogbo ìyẹn sórí ajá tó tún fẹ́ kó sáré.

Ẹṣin ogun nìkan ni mo gbà pé ó tọ́ kéèyàn náwó lé lórí dáadáa. AC 11, HP (iye ẹ̀mí) 19, paladin (jagunjagun mímọ́) tó wà lórí ẹ̀ sì ní AC 20, ẹ fi ara yín sípò goblin tó ń bá wọn jà, ta lẹ máa ta lọ́fà? Ó lè ru 540 páùn, plate (ẹ̀wù irin tó bo gbogbo ara) tó wúwo tó 130 ò ní dà á láàmú rárá, 6,000 góòlù ẹ̀ ló lè pa yín.

Ti proficiency, ìyẹn mímọ ẹ̀wù wọ̀, wá ńkọ́? Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan lára ìkookò tàbí panther pé ó mọ ẹ̀wù wọ̀, ẹranko tí ò bá sì mọ̀ ọ́n wọ̀, gbogbo dáìsì Str (agbára) àti Dex ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa jù ú, èyí tó kéré lẹ máa mú. Ẹ bi DM kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má dúró dìgbà tí ogun bá bẹ̀rẹ̀. Ká tiẹ̀ wá ní ó gbà, panther tó mọ bá a ṣe ń yọ́ lọ bá èèyàn, Stealth +6, ẹ wá kó scale mail (ẹ̀wù irin oníìpẹ́) lé e lórí, AC ẹ̀ á kúrò ní 12 bọ́ sí 16 lóòótọ́, àmọ́ gbogbo abúlé á máa gbọ́ ọ tó ń dún woroworo. Nínú Pathfinder àkọ́kọ́, feat (ẹ̀bùn àkànṣe) lẹranko máa ń fi kọ́ ọ, àfi tẹ́ ẹ bá mọ ọgbọ́n ibẹ̀: armor check penalty (ìdíwọ́ tí ẹ̀wù ń fà) ti ẹ̀wù awọ jẹ́ òdo, ti studded leather tó bá jẹ́ masterwork (èyí tí wọ́n fi ọwọ́ àrà ṣe) náà á di òdo, torí náà ẹranko tí ò mọ̀ ọ́n wọ̀ ò ní pàdánù nǹkan kan. Níbẹ̀ náà, ẹranko tó ń fò ò lè fò pẹ̀lú ẹ̀wù medium (tó wúwo díẹ̀) tàbí heavy (tó wúwo gan-an), àwọn tó ní griffon (ẹranko abìyẹ́), ẹ gbọ́ o.

Ẹ̀yin druid, ẹ̀wù tẹ́ ẹ wọ̀ ò ní tóbi di ti béárì tẹ́ ẹ bá fi idán yí padà di béárì, á já bọ́ sílẹ̀ ni tàbí kó wọnú ara yín lọ, kó má sì wúlò fún nǹkan kan títí tẹ́ ẹ fi máa padà di èèyàn.

Àsìkò náà wà ńbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ̀wù heavy máa ń gbà láti wọ̀ nínú ẹ̀dà karùn-ún. Nínú Pathfinder àkọ́kọ́, ìlọ́po márùn-ún ti èèyàn ni ti ẹranko, chainmail tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin á di ogún. Tí orc bá já lù yín lóru, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀wù awọ tèmi ọjọ́sí, ìdajì owó ni wọ́n máa ń rà á padà, 20 góòlù. Mo fi 30 kún un, mo ra potion of healing (oògùn ìwòsàn) kan, ìkookò náà ló sì mu ún.