Bí A Ṣe Ń Kọ Èdè Ojú Ewé Sínú Kóòdù Kí Screen Reader Lè Kà Á Bó Ti Yẹ

Afọ́jú tó ń lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kì í fi ojú ka ojú ewé ayélujára. Screen reader bíi NVDA, JAWS, VoiceOver tàbí TalkBack ló ń kà á sí i létí. Inú kóòdù, ìyẹn àwọn ìtọ́ni tí a fi kọ ojú ewé náà, ni ẹ̀rọ yìí ti ń mọ ohùn àti ìlànà ìpè tí yóò lò. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ "ọkọ̀ ti dé" ní Yorùbá tó já gaara, tí kóòdù sì ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé e, ó sì lè fo àwọn lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ kọjá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ ṣí fáìlì kóòdù ojú ewé náà, ẹ wá táàgì html (àmì tó ṣí kóòdù ojú ewé) lókè pátápátá, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: <html lang="yo">. Témpléètì ọ̀fẹ́ sábà máa ń gbé lang="en" wá, ẹni tó ń kánjú kì í sì í rántí yí i padà. Bó bá jẹ́ WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ni ẹ ń lò, inú Settings ni ẹ ó ti yan èdè ìkànnì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí View page source nínú browser yín kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé lang ti yí padà.

Èdè ni à ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe orílẹ̀-èdè. "Yo" ni kóòdù lẹ́tà méjì tí ISO 639-1, ìlànà àgbáyé fún kóòdù orúkọ èdè, fún Yorùbá. Ẹni tó bá kọ "ng" nítorí Nàìjíríà ti pe ojú ewé rẹ̀ ní Ndonga, èdè kan tí wọ́n ń sọ ní Nàmíbíà àti Àǹgólà.

Ìlànà WCAG, tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà ayélujára, gbé kalẹ̀ kí àwọn aláàbọ̀ ara lè máa lo ìkànnì, béèrè èdè gbogbo ojú ewé ní 3.1.1, ó sì béèrè ti apá kọ̀ọ̀kan ní 3.1.2. Bí ẹ bá fa ọ̀rọ̀ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ yọ ní Faransé láàárín ìròyìn Yorùbá, ẹ kọ <blockquote lang="fr"> sí i; bó bá jẹ́ gbólóhùn kan péré, <span lang="fr"> ti tó. Orúkọ ènìyàn kò nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "fóònù" àti "bọ́ọ̀sì" tó ti di tiwa. Kí ohùn máa yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú a máa sú olùgbọ́ gidigidi.

Àwọn kan máa ń fi "en" sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ tiwọn kò ní ohùn Yorùbá. Èyí kò dára: irọ́ ni, olùgbọ́ tó ní ohùn Yorùbá lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé lang="yo" kò ní bá yín dá àmì ohùn tí ẹ kò fi sí padà; bí ẹ bá kọ "ọkọ" nígbà tí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko ni ẹ ní lọ́kàn, ọkọ ìyàwó ni ẹ kọ.

Láti dán an wò, ẹ gba NVDA, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Windows, kí ẹ rí i pé ètò tó ń yí èdè padà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú Speech settings. Ẹ di ojú, kí ẹ tẹ́tí sí ibi tí Faransé ti bẹ̀rẹ̀. Bí ohùn kò bá yí padà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohùn tí ẹ ń lò mọ Faransé. Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹ padà sí táàgì yẹn.