Ìparí chess ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́

Ẹ̀yin ará, mo kàn ní kí n sọ èyí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń há ìbẹ̀rẹ̀ chess sórí, ṣùgbọ́n ní ìparí, tó bá ku ọba àti pawn (ọmọ tó kéré jù nínú eré náà) kan ṣoṣo, a ò mọ ohun tó kàn mọ́. Ìparí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Capablanca, tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé láti 1921 sí 1927, gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ to ọba méjì àti pawn funfun kan sórí pátákó. Bí ọba funfun bá dúró síwájú pawn rẹ̀ gan-an ní ìlà kẹfà láti ọ̀dọ̀ funfun, funfun ti borí, ẹni yòówù tó bá kàn láti ta, àfi tí pawn náà bá wà létí pátákó, ní òpó a tàbí h. Bí ọba méjèèjì bá sì dojú kọra, tí ilé kan ṣoṣo wà láàárín wọn, ẹni tí kò kàn láti ta ni ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ẹ ta á léraléra, kí ẹ sì pààrọ̀ àwọ̀.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan fún funfun, ọ̀kan láti fi dá e4 lóhùn (tí funfun bá kọ́kọ́ sún pawn iwájú ọba rẹ̀ ní ilé méjì), ọ̀kan fún d4 (tó bá jẹ́ pawn iwájú ayaba rẹ̀ ló sún bẹ́ẹ̀). Ẹ wádìí ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.